Àmì Ohùn Là Ń Wá, Ẹ Ń Wá Ààlà

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ọdún 2022, Alhaji Gbádé, tó ti di olóògbé báyìí, ti gúrúùpù ímeèlì kan pa nílùú Ọ̀fà. Ọjọ́ tó wà lórí ímeèlì rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ní Sátidé ni, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò.

Gúrúùpù náà wà fún àwọn tó ń ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ọ̀fẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò, tó sì lè tún ṣe. Hikmat, olùkọ́ tó ń fi í tẹ ìbéèrè ìdánwò, ló kọ̀wé: "Bí mo bá tẹ Ọ̀fà, àmì orí Ọ ń fò sórí f. Ẹ gbà mí, ìdánwò ti dé tán."

Mùíz, ará Ẹ̀rìn-Ilé, ìlú tó bá Ọ̀fà pààlà, fèsì: "Kí ló dé tó jẹ́ Ọ̀fà lẹ fi ń dán an wò? Ṣé Ẹ̀rìn ò lámì ni?" Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti di ìjà ilẹ̀, ìlú wo ló kọ́kọ́ débẹ̀.

Alhaji gbaná jẹ. "Àmì ohùn là ń wá, ẹ ń wá ààlà! Ẹ kó ẹjọ́ yín lọ sí Gbàgede!" Gbàgede ni gúrúùpù kejì tó dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́. "Láti òní lọ, ọ̀bọ la ó máa fi dán an wò. Ọ̀bọ ò bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀."

Mùíz tún kọ̀wé: "Alhaji, ta lẹ ń pè ní ọ̀bọ?" Ìgbà yẹn ló ti gbogbo rẹ̀ pa, kó tó tún un ṣí nígbà tó yá.

Ìkíni pàápàá máa ń bí i nínú. Ẹnì kan á kọ "Ẹ kú Jímọ̀", gbogbo wọn á dáhùn, ìbéèrè Hikmat á sì rì sísàlẹ̀. Ó ṣòfin pé kò sí ìkíni mọ́. Àfi bí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, Alhaja Sherifat, ṣe kí gbogbo ilé.

"Mo dọ̀bálẹ̀, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́, Gbàgede la ti ń kíra wa."

"Gbádé, èmi lò ń lé síta?"

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gidi nílé Alhaja.

Nígbà tó wá ń ṣàìsàn, wọ́n ní ó lé àwọn tó wá bẹ̀ ẹ́ wò jáde, torí pé ọ̀rọ̀ epo bẹntiróò ni wọ́n ń sọ. Màrdíyyàh, ìyàwó rẹ̀, ní irọ́ ni: "Kò lé wọn. Ó ní kí wọ́n lọ sọ ọ́ níta, kí òun lè ráyè ṣe kóòdù kíbọ́ọ̀dù náà."

Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tó lé wọn tán tí kì í padà wá dá Hikmat lóhùn. Òun tó ń pariwo jù, òun nìkan ló ń wá àmì náà.

Ó kú lọ́dún 2024, àmì ṣì ń fò. Ìbánikẹ́dùn kún inú gúrúùpù náà, kò sì sẹ́ni tó lé wọn lọ sí Gbàgede. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Hikmat àti Mùíz jọ parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Hikmat wá kọ ìlà kan:

"Àmì ti dúró sórí Ọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló kù tí yóò máa bínú nítorí wa?"