Ó Fẹ́ Fi Sáńpépà Fá Ilà Bàbá Mi

Ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, òrùlé tó ń jò, àti kùmọ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀: àwọn ni kò jẹ́ kí n sùn lọ́sẹ̀ yìí.

Lónìí, mo gbé kùmọ̀ náà lọ sí ọjà Oil Mill ní Port Harcourt níbí, sọ́dọ̀ ọmọ Yorùbá kan tó ń ta ère, tó ní òun mọ ibi tí gbogbo igi àtijọ́ ti wá.

"Bàbá, ti Bìní nìyí. Ti ààfin! No shaking."

Mo fi ilà mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ hàn án. "Kí wá lèyí?"

"Ibi tó ha ni, Bàbá. Màá fi sáńpépà fá a, á dán gbinrin."

Ó ha kẹ̀! Pélé tó wà lójú bàbá mi gan-an nìyẹn! Ẹni tí kò dá ilà mọ̀ ló ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀. Mo já kùmọ̀ mi gbà.

Mo kéré nígbà tí bàbá mi kú. Mo mọ ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò mọ agbo ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, agbo ilé wo ló ń gbẹ́ ilà wọn sórí kùmọ̀? Ẹ tètè fèsì o. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni mo máa wọkọ̀ ní Rumuokoro wá bá yín.