Kíákíá, Ọkùnrin Tí Kò Mọ Ìdúró

Kíákíá ni wọ́n ń pè é níléeṣẹ́, inú ẹ̀ sì máa ń dùn sí i, àfi bí ẹni pé oyè ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kíkọ ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń gbé èsì àyẹ̀wò láti inú dátábéèsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń kó gbogbo èsì sí, lọ síwájú àwọn dókítà nílé ìwòsàn. Bí dátábéèsì ò bá dáhùn, ètò á tún béèrè. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ti Kíákíá kì í sinmi: ojú ẹsẹ̀ ló ń tún béèrè, tó tún ń béèrè, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó máa dúró díẹ̀," obìnrin tó ń tọ́jú dátábéèsì bẹ̀ ẹ́. "Tó bá tún kọ̀, kó dúró ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tó bá kọ̀ jù, kó jáwọ́, kó pè wá."

Kíákíá rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ọ̀lẹ ló ń dúró, àǹtí."

Àgbá òfìfo! Torí pé ó ń pariwo nípàdé ni wọ́n ṣe fi í ṣe ọ̀gá.

Lọ́jọ́ tí ìyá ẹ̀ dákú, ilé ìwòsàn yẹn náà ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, dókítà sì ní òun ò lè fún un lóògùn láìrí èsì. Dátábéèsì ń fà díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ ni, ara ẹ̀ ì bá ti balẹ̀. Ètò Kíákíá fi ìbéèrè bò ó mọ́lẹ̀ títí kò fi lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́.

Kíákíá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń jágbe mọ́ nọ́ọ̀sì tó wà nídìí kọ̀ǹpútà. "Ẹ tún un tẹ̀! Ẹ tún un tẹ̀ ńbẹ̀!"

Fóònù ẹ̀ dún. Ó jẹ́ kí ohùn ẹ̀ jáde síta, kí gbogbo wọ́ọ̀dù lè mọ̀ pé iléeṣẹ́ ń wá òun. Obìnrin dátábéèsì ni.

"Ọ̀gá, ètò yín ló ń fa gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá a dúró."

"Ẹ fi í sílẹ̀, ó máa tó gbà," ni olórí kunkun wí.

Ìyá ẹ̀ lajú. "Ọmọ mi, dá a dúró, kí wọ́n lè tọ́jú mi."

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ sọ sínú fóònù: "Tí mo bá dá a dúró, ṣé ẹ máa sọ pé ẹ̀bi mi ni?"

Obìnrin náà ní òun ò ní sọ. Ìgbà yẹn ló tó fi fóònù ẹ̀ dá ètò náà dúró. Kò pẹ́ tí èsì fi dé, tí wọ́n sì fún ìyá lóògùn.

Dókítà bi í léèrè pé, "Màmá, ṣé ọmọ yín yìí la ó máa bá sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú yín?"

Ìyá ò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Kíákíá wà. "Rárá o. Ẹ bá mi pe àbúrò ẹ̀."