Kọ́kọ́rọ́ Kànga Alájì

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni mo ní sí Alájì, bàbá onílé wa ní Ìgàndò, lásìkò kónílé-ó-gbélé. Èkíní, ó fi àgádágodo ti kànga tí gbogbo wa jọ ń lò. Èkejì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó tì í. Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá fẹ́ fa omi gbọ́dọ̀ wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́, kó sì dá a padà. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. Omi kànga yẹn kò ṣeé mu, torí ààtàn ńlá tó wà nítòsí wa, àmọ́ òun la fi ń fọ aṣọ ìtẹ́dìí ọmọ, òun náà la fi ń fọ ọwọ́ tí ìjọba ní ká máa fọ̀.

Tí mo bá kan ilẹ̀kùn, Alájì kì í na kọ́kọ́rọ́ sí mi bọ̀rọ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà. Ẹ kú kónílé-ó-gbélé. Kọ́kọ́rọ́ ni mo wá gbà."

"Kọ́kọ́rọ́ ò sá lọ. Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ọmú ń wá? Kí lẹ sè lánàá?"

"Ẹ̀wà ni, sà."

"Ẹ̀wà! Fún abiyamọ? Inú ọmọ yẹn kò ní kún báyìí?"

Aránṣọ tó wà ní yàrá kejì sí tiwa, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkòtún wà ní títì, sọ fún mi pé, "Bùọ̀dá, ìwà èmi-ni-mo-nílé nìyẹn. Ẹ bá a sọ ọ́ jàre, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé."

Ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ni mo kà ní yunifásítì. Mo ti dá a lẹ́jọ́ pé ẹ̀rù àrùn ló ń bà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bára mu. Ẹni tí ẹ̀rù àrùn ń bà, ṣé á ní kí gbogbo ayálégbé máa wá sẹ́nu ọ̀nà òun, kí wọ́n máa fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ kan náà? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé wa. Tí wọ́n bá pe ìrun, á ṣe àlùwàlá, á dé fìlà, á rìn dé ẹnu géètì, á dúró. Mọ́ṣáláṣí wà ní títì. Á wá padà jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí ẹlòmíràn á fi wá kan ilẹ̀kùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀sùn mi lọ bá a, mo sì kà wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó gbọ́ mi tán. "Nígbà tó wà ní ṣíṣí," ló wí, "báwo lẹ ṣe ń fa omi? Ẹ̀ ń bo imú, ẹ̀ ń sá wọlé bí ẹni tó jalè. Kò sẹ́ni tó ní, 'Alájì, ṣé ẹ jí?' Tí mo bá kú síbí, òórùn ló máa sọ fún yín."

"Ẹ ò bá ti sọ, sà."

"Kí n sọ kí ni? Kí àgbà máa tọrọ ìkíni lọ́wọ́ ayálégbé?"

Mo ní kó yọ àgádágodo, kó gbé àga rẹ̀ sójú fèrèsé tó kọjú sí kànga, ẹnikẹ́ni kò ní fa omi láì kí i. Ó wò mí títí, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

Mi ò tíì wọ́gi lé ẹ̀sùn kankan o. Kò yẹ kéèyàn ti omi mọ́ ọmọ tuntun, ohun yòówù kó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ju korobá sínú kànga, mo pariwo, "Alájì, ẹ káàárọ̀, sà! Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Fèrèsé ṣí gbàgà.

"A dúpẹ́. Kí lẹ sè lánàá?"

"Ẹ̀wà ni, sà."

"Ẹ̀wà kẹ̀! Pe ìyàwó ẹ fún mi!"