Àtíòro Tó Mọ Ara Rẹ̀ Mọ́ Inú Òṣè

Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá tí mo mú lọ wo ẹyẹ ṣẹ̀ ni ẹ̀wù funfun. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, ní Faransé tó já gaara, pé ẹni tó bá fẹ́ wo ẹyẹ lórí òkè Dasá kì í wọ funfun, kì í súfèé, kì í sì í gun àpáta lẹ́yìn òjò, torí ó ń yọ̀. Ó ní, “Oui, oui,” bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọ funfun dé, ó sì ń súfèé bọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gbòmìnira lọ́wọ́ Faransé ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì Dàkáà dé, mo ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀gá náà wá láti Kútọnu, ó gbé awò oníhò méjì kọ́rùn, ó fẹ́ kọ orúkọ àwọn ẹyẹ wa sínú ìwé ìjọba. Wọ́n ní kí n mú un kiri. Mo mú un lọ sí oko àbúrò bàbá mi, lọ́nà Tré, níbi tí igi òṣè kan wà lẹ́sẹ̀ òkè.

Abo àtíòro wà nínú ihò òṣè yẹn. Bí abo àtíòro bá fẹ́ yé ẹyin, á wọ inú igi, á fi amọ̀ dí ẹnu ihò mọ́ra rẹ̀, á ṣẹ́ ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan kù tí akọ á máa gbà bọ́ ọ. Lọ́dọ̀ tiwa, bí amọ̀ bá ti dí, olóko ò ní gégi lábẹ́ ibẹ̀ mọ́, kò ní dáná sungbó. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó á jókòó sórí àpáta kan, ogójì ìṣísẹ̀ sí igi. A kì í kọjá àpáta yẹn. Ilé abiyamọ ni.

Ọ̀gá kọjá àpáta. Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta nìyẹn.

“Ta ló fi amọ̀ sé ẹyẹ mọ́lé?” ó bi mí.

“Òun fúnra rẹ̀ ni, Mùsíyé.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ará òkè! Ẹ sé e mọ́bẹ̀ kó lè sanra, kí ẹ lè pa á jẹ.” Ó ní kí awakọ̀ rẹ̀ mú àdá wá, kí wọ́n fọ́ amọ̀, kí ẹyẹ jáde.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún àbúrò bàbá mi. Ó wo ọ̀gá láti orí dé ẹsẹ̀. “Ìwọ tó kàwé dé Dàkáà,” ó wí fún mi, “o ò lè fi Faransé sọ fún un pé a kì í já wọlé abiyamọ? Kí ni wọ́n wá kọ́ ọ lọ́hùn-ún?”

Mo lọ fẹ̀yìn ti òṣè. “Ẹ gé èmi kí ẹ tó kan amọ̀.”

Awakọ̀ sọ àdá sílẹ̀, ó ní òun ò bá wọn dá sí ìjà ẹyẹ. Ọ̀gá ní òun á fi mí sùn, iṣẹ́ tísà á bọ́ lọ́wọ́ mi.

“Ẹ fi mí sùn,” mo ní, “ṣùgbọ́n ẹ wá jókòó ná. Bí akọ ò bá wá bọ́ ọ kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ fọ́ ọ.”

A jókòó sórí àpáta. Akọ dé, èso wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rí funfun, ó yí padà. Àbúrò bàbá mi bọ́ ẹ̀wù oko rẹ̀ tó ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó dà á bo ọ̀gá. “Sọ fún un kó fara dà á. Òórùn iṣẹ́ ni.”

Oòrùn ń gòkè. Mo ti ń ro ohun tí mo fẹnu ara mi sọ nígbà tí akọ padà wá, ó rọ̀ mọ́ igi. Ṣónṣó ẹnu kan yọ láti inú amọ̀, ó gba èso.

Ọ̀gá dìde, ó kọrí sí ọkọ̀. Mo tẹ̀lé e, mo ní kó padà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olóko. Ó wọ ọkọ̀, ó yí gíláàsì rẹ̀ sókè.

Mo kọ lẹ́tà sí i ní Kútọnu pé kó wá tọrọ àforíjì. Mo tún kọ òmíràn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi sílẹ̀, ṣebí amọ̀ ò fọ́. Kò fọ́ lóòótọ́. Ọmọ méjì ló fò jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá pe olóko ní òǹrorò lórí ilẹ̀ rẹ̀, kò sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Èmi ò ní fi sílẹ̀.