Okùn Tí Mo Fà Yípo Festac

Ọdún tí orúkọ mi jáde nínú ìbò tí ìjọba fi pín ilé Festac, inú mi dùn débi pé mo sunkún ní ọ́fíìsì. Taípíìsì ni mí nílé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà. Mẹkáníìkì ni ọkọ mi, ó ní ṣẹ́ẹ̀dì kékeré kan ní Mazamaza. Nínú ilé alájà mẹ́ta tí a kó dé, òun nìkan ni ọkùnrin tí kì í so táì mọ́rùn jáde láàárọ̀. Bó ti wù kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ tó, epo dúdú kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Alàgbà ìjọ kan ń gbé ìsàlẹ̀ wa, ọ̀gá ńlá lòun náà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Kò pẹ́ tí a dé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ọkọ̀ tí ọkọ mi gbé síwájú ilé. Ìjàpá ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì máa ń wà lẹ́yìn. Òkú ọkọ̀ ni ọkọ mi rà. Ilẹ̀kùn kan pupa, èkejì ní àwọ̀ ewé. Fèrèsé ẹ̀yìn kò ní gíláàsì, ọ̀rá la fi bò ó, okùn náílọ́ọ̀nù la sì fi so ìdérí ẹ́ńjìnnì kó má baà máa ṣí.

Lọ́jọ́ kan, Alàgbà dá ọkọ mi dúró. "Ọ̀gbẹ́ni mẹkáníìkì, ibí kì í ṣe Mile 2 o. Gbé pàǹtí yìí kúrò níwájú ilé."

"Ẹ má bínú, sà. Ó máa tó rìn."

"Rìn? Èyí?" Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ.

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ti ṣẹ́ẹ̀dì dé, abẹ́ ọkọ̀ yẹn ló máa ń lọ tààrà, títí ọkọ̀ náà fi rìn.

Nígbà yẹn, òpópónà Festac gbòòrò, ó sì ṣófo. Ilé púpọ̀ ni kò tíì ní olùgbé. Àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ bá kéde pé àwọn máa sá eré ọkọ̀ ní Sátidé kan, nínú oṣù kẹjọ tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀. Ìyípo márùn-ún ni, yíká Festac. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ lè wá, ṣùgbọ́n ẹni méjì gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló máa jókòó tì yín?" mo bi ọkọ mi.

"Mo ti bẹ ẹni mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn ò tíì fẹ́ kú."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ó ń bà mí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi yín rẹ́rìn-ín."

Lọ́jọ́ náà, àwọn ará Kuje-Amuwo gbé àga wá láti ilé. Àwọn awakọ̀ Mazamaza pa iṣẹ́ tì. Àwọn kan gun òkìtì yanrìn tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ kí wọ́n lè ríran dáadáa. Mo rí àwọn obìnrin ìjọ wa tí wọ́n ń nàka sí mi. Alàgbà náà wá, ó dúró nítòsí ìlà tí wọ́n fà sójú ọ̀nà fún ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin eré, kò kí wa.

Ọkọ̀ mẹ́sàn-án la jẹ́. Wọ́n ju àsíá sísàlẹ̀, a gbéra. Ní ìyípo kìn-ín-ní, méjì péré ló wà lẹ́yìn wa. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà já láàárọ̀, ó mọ gbogbo ibi tí yanrìn dà sí. Bí ọkọ̀ àwọn tó kù ṣe ń yọ̀ ní kọ́nà, bẹ́ẹ̀ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Nígbà tí a máa fi parí ìyípo kẹta, ọkọ̀ méjì péré ló ṣáájú wa, àwọn awakọ̀ Mazamaza sì ń kígbe, "Ìjàpá! Ìjàpá!"

Àwọn tó wòran lọ́jọ́ náà kì í sọ ohun tó tẹ̀lé e bákan náà. Ẹnì kan á ní àwa la wà níwájú. Ẹlòmíràn á búra pé iná sọ nídìí ọkọ̀ wa. Kò sí iná kankan. Wáyà ló já, wáyà tó lọ láti ibi tí dírẹ́bà ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré títí dé ẹ́ńjìnnì. Ẹsẹ̀ ọkọ mi kanlẹ̀, ọkọ̀ kò dáhùn. A rọra yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, gbogbo àwọn tó kù sì kọjá lára wa.

"Ó ti parí," mo wí.

"Kò tíì parí."

Ó bọ́ sílẹ̀. Ó tú okùn náílọ́ọ̀nù yẹn, ó yọ ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó jù ú sórí koríko. Ó so okùn mọ́ irin kékeré tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo, ó ya ọ̀rá ojú fèrèsé ẹ̀yìn, ó sì na okùn náà gba ibẹ̀ sí mi.

"Bọ́ sẹ́yìn. Bí mo bá ní 'fà', kí o fà á. Bí mo bá ní 'dẹ̀ ẹ́', kí o tètè dẹ̀ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú gọ́tà la máa bá ara wa."

"Bó bá bọ́ lọ́wọ́ mi ńkọ́?"

"Kò ní bọ́."

Mo kúnlẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, mo kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Èyí tí mo kọ́kọ́ fà le jù, ọkọ̀ fò síwájú, àyà mi gbá ìjókòó. "Rọra!" ó pariwo. "Ó yá, fà! Fà! Dẹ̀ ẹ́, kọ́nà ti dé! Fà!" Mi ò rí ibi tí a ń lọ, ibi tí a ti ń bọ̀ nìkan ni mò ń rí. Ooru ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ sí mi lójú, òórùn epo gba imú mi. Okùn náà ń gé mi lọ́wọ́. Mo fi ìborùn mi wé ọwọ́, mo tún fà.

Nígbà tí a parí ìyípo kẹrin, àwọn tó kù ti parí márààrún. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣètò eré náà ń ju ọwọ́ sí wa. "Ẹ dúró! Eré ti tán!"

"Ó ku ìyípo kan," ọkọ mi dá a lóhùn, ó sì ké sí mi, "Fà!"

Mo fà á. Omijé ń bọ́ lójú mi, àmọ́ mi ò dẹwọ́.

Nígbà tí a yọ ní kọ́nà ìkẹyìn, mo yíjú wo iwájú. Alàgbà ló dúró sí ìlà, tòun ti àsíá lọ́wọ́. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí àwọn tó ṣètò eré fẹ́ ká àsíá náà, Alàgbà gbà á lọ́wọ́ wọn, ó ní, "Ọkọ̀ kan ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tíì lọ." Àwọn tó ti gbé àga wọn lérí sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Àwa la gbẹ̀yìn pátápátá. Alàgbà ju àsíá sísàlẹ̀ fún wa bí ẹni pé àwa la ṣe ipò kìn-ín-ní, òkìtì yanrìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ariwo. Ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó rí àtẹ́lẹwọ́ mi tó bó, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọkọ mi.

"Ẹ kú iṣẹ́," ó wí. "Ẹ̀yin méjèèjì."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wé báńdéèjì mọ́ ọwọ́ lọ sí ọ́fíìsì, ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ lẹ́tà. Nígbà tó di Sátidé, ọkọ mi ti fi wáyà tuntun sí Ìjàpá, mo sì sọ fún un pé mo fẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sí ìjókòó ẹ̀gbẹ́, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí a tó dé ìparí òpópónà. Mo tún tan án lẹ́ẹ̀keje.