Àpótí Òfìfo Lójú Kọ̀ǹpútà

Wọ́n pa ọ̀rọ̀ bàbá mi rẹ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, ní Ìdó-Ilé. Àwọn tó ti jáde nílé-ìwé rẹ̀ àtijọ́ ṣí ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé kí àwọn àgbà wá kọ ohun tí ojú wọn rí. Ó wá bá mi ní Aràmọkọ, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́. Ìrìn ẹsẹ̀ tó ń rìn lọ sílé-ìwé lọ́mọdé ló ń kọ: oko ta ni ó ń là kọjá, igi wo ló ń sinmi sí, ìyá wo ló ń fún un níṣu sísun. "Uṣu" ló kọ ọ́, bí a ṣe ń pè é nílé. Mo ní kó fi èyí tó ti kọ ránṣẹ́ ná. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló ń gbé iṣẹ́ tí kò parí fún tíṣà? Ṣé ohun tí ẹ kọ́ ní yunifásítì nìyẹn? Má tì í o. Mi ò tíì dé odò."

Kò dé odò. Nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn la sin ín.

Láti ìgbà náà, n kì í pa kọ̀ǹpútà yẹn, ṣe ni mo ń dé e. Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá ṣí i, màá kà á débi tí gbólóhùn ti já: "A wá sọ̀ kalẹ̀". Bí mo ṣe ń kà á ni mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, tòun ti ikọ́ tó máa ń wú kó tó sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo tẹ ojú ewé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ ṣí. Àpótí tí à ń kọ̀wé sí funfun báláú. Àwọn tó ni ojú ewé ní nǹkan kan ò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Òótọ́ sì ni, a ò fi ránṣẹ́.

Mo wọ inú sẹ́tíǹsì búráúsà tí mo fi ń ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ. Mo bá bọ́tìnì kan níbẹ̀ tó ń dín mẹ́mọ́rì kù: ojú ewé tí a kò bá fọwọ́ kàn fún ìgbà díẹ̀, á tú u dànù, tòun ti ohun tí a kọ sínú rẹ̀ tí a kò tíì fi ránṣẹ́. Títàn ni mo bá a. Èmi kọ́ ni mo tàn án. Àtúnṣe tó wọlé fúnra rẹ̀ ló tàn án. Àyè wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí a ti lè kọ ojú ewé tí wọn kò gbọdọ̀ tú dànù. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Mo pa bọ́tìnì náà, mo kọ àdírẹ́sì síbẹ̀, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn abà lẹ́yìn tí ewúrẹ́ ti jẹun yó.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe búráúsà náà. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà mi á yá sí i báyìí. Ta ló sọ fún wọn pé ìyára ni mò ń wá? Ì bá lọ́ra bí ìgbín, kí ohùn yẹn ṣáà wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe é, mo fẹ́ èsì, kí ẹni tó kọ ọ́ sì fọwọ́ sí i: ta ló pàṣẹ pé kí ẹ tan bọ́tìnì lórí kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà? Kí ló dé tí ẹ kò béèrè kí ẹ tó tú u dànù? Ibo ni ohun tí ẹ tú dànù wà, ta ló sì máa bá mi wá a nínú yín?