Bẹ́ǹṣì Ìta Ṣọ́ọ̀ṣì

Nínú ìjọ aláṣọ funfun tí mo fẹ́ ọkọ sí, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé àdúrà. Ìta ló ń jókòó, lórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi àgbọn, títí ara rẹ̀ yóò fi mọ́. Kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan kan. Bẹ́ǹṣì ti sọ ọ́. Bí ìyàwó ilé kan bá sì ń wọlé láti ọjọ́ Ìsinmi kan dé òmíràn láìjókòó síta, gbogbo ìjọ ló ti mọ̀ pé ó lóyún, nígbà mìíràn kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀.

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀kọ́ ìlera ni mo kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Ìrẹ̀lẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò yẹ olùkọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí àwọn ilé ìjọsìn padà ní àkókò kòrónà, àrùn náà mú ìyàwó ọmọ mi. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ló fẹ́ ẹ, ó sì di ọdún kẹrin tí a ti ń wá ọmọ. Ó wúkọ́, ara rẹ̀ gbóná, kò lè mí dáadáa. Mo gbé pùpurù gbígbóná, òkèlè ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín yan, síwájú rẹ̀, ó ní òun ò gbọ́ òórùn èéfín rẹ̀ rárá. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dìde.

Nígbà tó padà sí ìjọ, ó wọlé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tí mo ka mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó jẹ́ Ìyá Ìjọ, wá dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, ṣé o ń rí ohun tí mo ń rí?"

"Mo ń rí i, Àǹtí."

"Bẹ́ǹṣì ti gbàgbé ìyàwó ọmọ rẹ o!"

Ó rẹ́rìn-ín débi pé fìlà àdúrà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Kí a tó délé lọ́jọ́ náà, wọ́n ti ń pe ọmọbìnrin náà ní ìyá ìbejì. Ó sorí kodò. Mo rò pé ojú ló ń tì í.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹtàlá, ẹ̀jẹ̀ dé láàárín orin, ó sì rin aṣọ funfun rẹ̀ gbingbin. Àǹtí nàka sí i.

"Ó ti ṣẹ́ oyún náà! Ọmọ tí a fi ààwẹ̀ ọdún mẹ́rin gbà, ó ti ṣẹ́ ẹ!"

Nígbà tí a délé, ọmọ mi fa báàgì jáde, ó ń kó aṣọ ìyàwó rẹ̀ sínú rẹ̀. Èmi ńkọ́? Mo wọ yàrá tọ ọmọbìnrin náà, mo ti ilẹ̀kùn.

"Kí lo lò?"

Ó wò mí. "Màámi, ẹ̀yin náà?"

Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ìbéèrè tí mo bi í yẹn gan-an ni Àǹtí bi mí lọ́jọ́sí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́. Lọ́dún yẹn, ikọ́ àti ibà ja gbogbo ilé ìwé wa nígbà ọyẹ́, mo dùbúlẹ̀ fún bí oṣù kan. Lẹ́yìn náà, mi ò jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún oṣù mẹ́ta. Àǹtí ló kà á. Òun ló kéde oyún, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ sì dé, òun náà ló sọ pé mo ṣẹ́ ẹ nítorí ìwé tí mo fẹ́ lọ kà. Ọkọ mi dá mi padà sílé bàbá mi ní Erinje fún ọdún kan gbáko. Lóòótọ́, ó padà wá mú mi, mo sì bí ọmọ yìí fún un, ṣùgbọ́n títí tó fi kú, bí a bá ti jà, yóò bi mí pé níbo ni mo sin ọmọ òun sí.

Ọmọbìnrin náà ti ọwọ́ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa ohun àyẹ̀wò oyún méjì jáde, irú èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yẹ ara mi wò, mà. Kò sí oyún kankan. Gbogbo yín ti ń dúpẹ́. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Okitipupa. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò tó ọmọ mi lọ́jọ́ orí. Ó ní kò sí àmì pé oyún kankan ti wà níbẹ̀ rí. Ó ní àrùn kòrónà kì í fi gbogbo ìgbà mọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ibà líle àti àárẹ̀ rẹ̀ lè da nǹkan oṣù rú, ó lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè mú kó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tó bá padà. Ó ní ti ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń padà bọ̀ sípò, àmọ́ kí ó wá fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ṣé kòrónà nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Mi ò mọ̀ pé mo ti pariwo.

"Rárá, mà. Àìsàn líle mìíràn náà lè ṣe é. Ikọ́ àti ibà tó ń ràn náà wà níbẹ̀."

Mo sọ tèmi fún un.

"Mi ò lè búra, mà, mi ò yẹ̀ yín wò nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀! Èmi náà ti gbà pé oyún ni, pé fúnra rẹ̀ ló wálẹ̀. Mo ti sọ ọmọ náà lórúkọ nínú ọkàn mi. Mo ti sunkún rẹ̀ láti ìgbà èwe mi, bóyá kò sì sí ọmọ kankan rí.

Ọmọ mi tú báàgì náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Èmi wọ ilé ìdáná lọ gbé omi kaná.

Nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ tún dé, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, gbogbo ojú sì wà lára rẹ̀. Mo bọ́ sí ìta, mo jókòó tì í. Àǹtí yọjú lójú fèrèsé.

"Ìyàwó! Ṣé lọ́jọ́ ogbó yìí ni tìrẹ tún bẹ̀rẹ̀ ni?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín.

"Àwọn ọjọ́ Ìsinmi tí ẹ kà sí mi lọ́rùn nígbà náà ni mo wá jókòó fún, Àǹtí. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Dókítà ní kò sí oyún nínú ìyàwó ọmọ mi, bóyá kò sì sí nínú èmi náà nígbà yẹn."

Ẹ̀rín dá. Ó ti fèrèsé. Títí di òní, kò bẹ̀ mí.

Èmi náà kò tíì bẹ ọmọbìnrin náà bó ṣe yẹ. Ó sún díẹ̀ kí n lè fẹ̀yìn ti igi àgbọn, ṣùgbọ́n kò wojú mi.